Òkú Ọta, Ààyè Ọta: Bí A Ṣe Ń Ka Ara Ọta Àgbá Ìdánrawò Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn olùkọ́ ìtàn àti àwọn oníṣòwò àlòkù irin, ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù irin, ẹ kú ìjókòó o.

Irin kan ló wà nínú àwòrán tó wà níwájú yín yìí. Ó ga tó nǹkan bí ìdajì mítà, imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìgbànú bàbà kan yí i ká nítòsí ìdí, ọ̀dà búlúù ló bo gbogbo ara rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ INERT, ìyẹn ni pé kò sí ohun tó lè bú nínú rẹ̀, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá bi ogún ènìyàn léèrè pé kí ni èyí, mọ́kàndínlógún á dáhùn pé ọta àgbá tí ṣọ́jà fi ń kọ́ṣẹ́ ni, pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ohun tí ojú wọn rí kò tíì tó ohun tí ẹnu wọn sọ. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì yẹn là ń bá yín sọ lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó la gbé wá sí Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ yìí kan náà ni 32 Artillery Brigade, àwọn ṣọ́jà oníbọn ńlá, fìdí kalẹ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin, Òrè ni wọ́n dé kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ibẹ̀ ni "ó le kú, ìjà Òrè" ti wá, tí ọmọdé tí kò mọ ìdí rẹ̀ ń fi ṣeré títí dòní. Oko àti igbó ló pọ̀ ní ìhà ibẹ̀, ọkọ́ àti katakata sì ń tú ilẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn tó wà ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, tí ilé tí wọ́n ń kó ọta sí gbiná, mọ̀ pé ọta tó bú nìkan kọ́ ni ìṣòro: àwọn tí kò bú fò bọ́ sí àdúgbò, wọ́n sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti kú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn nínú odò Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá. Nílé níbí, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2020, ilẹ̀ là ní Ẹlẹ́yọwó lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ìjọba sọ pé ọkọ̀ tó kó ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ló bú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré níwájú ará ibí yóò rí i pé ẹ̀rín kò ní tètè dé.

Ẹ jẹ́ ká fún nǹkan lórúkọ kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú. Ààyè ọta ni èyí tí ohun tó lè gbiná tàbí tó lè bú ṣì wà nínú rẹ̀. Òkú ọta ni èyí tí kò ní TNT tàbí ohun abúgbàù mìíràn, kò ní ẹ̀tù dúdú, kò ní dẹ́tónétọ̀ (ohun kékeré tó ń bú kí ìyókù lè bú) nínú fíúsì, ìyẹn irin tó ń mú kí ọta bú, kò sì ní iná ìtọpa, iná tó ń jẹ́ kí ojú rí ọ̀nà tí ọta ń gbà, ní ìdí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, òkú kọ́ nìyẹn. Ó ń sùn ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí: wọ́n rò pé ọta ìdánrawò àti òkú ọta jẹ́ ohun kan náà. Wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Irú ọta ìdánrawò kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń ki ọta sínú àgbá. Kì í fò jáde. Wọ́n á kì í, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún kì í, títí apá àwọn ọmọ tuntun yóò fi mọ iṣẹ́ náà láìronú. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ òmíràn, idẹ tàbí alumíníọ̀mù ni òmíràn, irin gidi ni òmíràn. Nítorí pé wọn kò fẹ́ kó há sínú àgbá, ìgbànú rẹ̀ sábà máa ń tẹ́ ju ti ọta gidi lọ, tàbí kó má tilẹ̀ ní ìgbànú. Ìlò ló máa ń hàn lára rẹ̀ jù lọ: imú á ti rún, ara á ní àpá gbígbá káàkiri, ìdí á sì dán bí orí ọmọ odó tí wọ́n ti fi gúnyán fún ọdún mẹ́wàá. Irú èyí ni a lè pè ní òkú ọta láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bó bá jẹ́ pé òun ni lóòótọ́.

Irú kejì ni èyí tí wọ́n ń yìn ní tòótọ́ ní pápá. Símẹ́ńtì, iyanrìn tàbí ìda tó gan bí òkúta lè wà nínú rẹ̀ dípò ohun abúgbàù. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń yin àgbá gbọ́dọ̀ rí ibi tí ọta rẹ̀ bọ́ sí, ní kìlómítà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sí ibi tó dúró. Irin tó kàn wọlẹ̀ lásán kò ní hàn sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀tù elééfín sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú fíúsì tó yè tí yóò tan án. Ọta ìdánrawò M804 ti Amẹ́ríkà, oní-mílímítà 155, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Búlúù ni ara rẹ̀, ọ̀já àwọ̀ búráùn kan sì yí i ká. Búlúù ń sọ pé ìdánrawò ni. Búráùn ń sọ pé ohun tó ń gbiná wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ka búlúù tí kò ka búráùn ti ka ìdajì lẹ́tà, ìdajì tó kù ló sì lè gé e lọ́wọ́. Bákan náà ni àwọn ọta ìdánrawò kéékèèké tí àwọn ọkọ̀ ológun ń yìn: irin gbọ̀ǹgbọ̀n ni ara wọn, kò sí ohun abúgbàù nínú wọn, àmọ́ iná ìtọpa wà ní ìdí wọn kí ẹni tó yìn ín lè fi ojú tẹ̀ lé e. Èyí tí wọn kò tíì yìn ṣì ní iná náà lódindi.

Irú kẹta ni èyí tí wọ́n là sí méjì bí ìgbà tí a la obì, kí olùkọ́ lè fi inú rẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí wàhálà púpọ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, nítorí inú rẹ̀ wà lójú gbogbo ayé. Àfi fíúsì tí wọ́n bá fi sí i lórí láìlà á.

Wàyí o, bí a ṣe ń ka ara ọta. Ìdí la ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà kì í sábà dé, tí ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin sì máa ń pẹ́. Kí a tó lọ síwájú, ohun kan: àwọn ohun tí a fẹ́ kà yìí, fọ́tò la fi ń kà wọ́n. Kò sí èyí tó gba pé kí a gbé e, kí a yí i, tàbí kí a fi nǹkan há a, àyàfi bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí i pé òkú ni.

Bí ìdí bá dí pátápátá, tí ó jẹ́ ara kan náà pẹ̀lú ìyókù, ọta abúgbàù tàbí ti ìdánrawò tó jọ ọ́ ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí ìdérí kan bá wà níbẹ̀, tó ní ihò méjì tí wọ́n ń fi sípánà dè é, ohun kan ni wọ́n gba ẹ̀yìn kó sínú rẹ̀: agolo èéfín ni, tàbí àtùpà tó ń fi páráṣúùtì balẹ̀. Ihò kékeré kan tó ṣe roboto láàárín gbùngbùn ìdí sábà máa ń jẹ́ ilé iná ìtọpa. Bó bá dúdú tó sì ṣófo, ó ti jó. Bó bá ní ohun tó dí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yè.

Tí a bá gòkè díẹ̀, a dé ibi ìgbànú bàbà, ibẹ̀ ló sì dùn jù lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Inú ọ̀pọ̀ àgbá ní ìlà tó lọ́ bí okùn láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu. Bàbà rọ̀ ju irin lọ, ó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu àgbá lọ, nítorí náà, bí wọ́n bá yin ọta, àwọn ìlà yẹn á ya bàbà náà, wọ́n á yí ọta bí òkòtó, yíyí yẹn ni kò sì jẹ́ kó máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀run. Ilà tó bá wà lára ìgbànú kì í parẹ́. Bí ilà gbọọrọ ojú ará Oǹdó àtijọ́ ṣe ń sọ ilé rẹ̀ kó tó lanu, bẹ́ẹ̀ ni ilà ara bàbà ń sọ ìbọn tó bí ọta. Iye ìlà yàtọ̀ láti irú àgbá kan sí òmíràn. Àgbá oní-mílímítà 155 ti Amẹ́ríkà ní ìlà 48. Ẹni tó bá ní fọ́tò tó mọ́ lè jókòó ka ilà náà nínú ilé rẹ̀.

Kí wá ni ilà náà ń sọ nípa ikú àti ìyè? Bí kò bá sí ilà, wọn kò tíì yìn ín. Bí ilà bá wà, wọ́n ti yìn ín, ó sì bọ́ sílẹ̀ láìfọ́. Ọta ìdánrawò tí símẹ́ńtì wà nínú rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ààyè ọta tó kọ̀ tí kò bú. Kò sì sí ohun tó léwu ju ìkejì yìí lọ nínú gbogbo ohun tí à ń sọ, nítorí gbogbo ohun tó ń dáàbò bo fíúsì rẹ̀ ti tú nígbà tó jáde lẹ́nu àgbá. Ohun tó kù kó ṣe ni kó bú. Ẹni bá rí ilà lára ìgbànú, tí ohun kan sì wà ní imú ọta náà, kó padà sẹ́yìn.

Imú nìyẹn. Fíúsì ló máa ń wà níbẹ̀: irin kékeré tó ní nọ́mbà tirẹ̀, tó sì ní àlàfo tí wọ́n ń fi súkúrù dírẹ́fà yí sí "bú kíá" tàbí "dúró díẹ̀". Àwọn ọta 25-pounder, irú àgbá kan ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, máa ń gbé fíúsì No. 117 tàbí No. 119. Òkú ọta lè gbé fíúsì tó yè. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí níbi púpọ̀ pé ẹnìkan fi fíúsì gidi dé òkú ọta kó lè rẹwà. Òdìkejì rẹ̀ ló tún ń tan ni jẹ jù: ọta 155 kì í gbé fíúsì rìnrìn àjò. Ohun tó máa ń wà ní imú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ dé pápá ni ìkọ́ irin kan, òrùka tí wọ́n fi ń gbé e. Ẹni tó rí i á ní, "Kò ní fíúsì, ìkọ́ lásán ló wà níbẹ̀, wọ́n ti tú u." Wọn kò tú nǹkan kan. Nǹkan bí kìlógíráàmù 7 ohun abúgbàù ló wà lábẹ́ ìkọ́ náà.

Bí a bá fẹ́ wọn ìbú rẹ̀, èjìká là ń wọ̀n, ìyẹn ibi tó fẹ̀ jù kí imú tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tín-ín-rín, kì í ṣe ìgbànú. Ìgbànú á fi mílímítà díẹ̀ lé, yóò sì gbé yín lọ sórí nọ́mbà ìbọn tí kò sí láyé. Èyí tó bá jẹ́ mílímítà 76 lè jẹ́ ti ọkọ̀ ológun Saladin, tí ìjọba àpapọ̀ lò nígbà ogun abẹ́lé. 87.6 ni ti 25-pounder, tí ọta rẹ̀ wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 11.3. 105 wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 15. 122 ti Rọ́ṣíà bí 22. 155 bí 43. Bí irin náà bá ní ìyẹ́ ní ìdí bí ìru ẹja, tí kò sì ní ìgbànú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọta mọ́tà, ẹ̀kọ́ mìíràn nìyẹn.

Níbi ìwọ̀n yìí, àwọn kan á ní, "A ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bó bá fúyẹ́, òfìfo ni." Ẹ má ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ti gbé e kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ọta ìdánrawò tí wọ́n ń yìn gbọ́dọ̀ fò bí ọta gidi, nítorí náà wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ po ohun inú rẹ̀ kó wọn bákan náà ni. Ìwọ̀n lè sọ pé inú irin ṣófo. Kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ìda àti TNT.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló kù, òun náà sì lè pa ènìyàn. Òfin àwọ̀ tí Amẹ́ríkà ń lò báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, rọrùn láti há sórí: àwọ̀ ewé ṣọ́jà pẹ̀lú lẹ́tà yẹ́lò fún ohun abúgbàù, búlúù fún ìdánrawò, àwọ̀ idẹ fún èyí tó kú pátápátá, búráùn fún ẹ̀tù tó ń gbiná. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó bá Amẹ́ríkà ṣe ni wọ́n ń lo ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọta kò mọ òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ogun Àgbáyé Kejì, yẹ́lò ni Amẹ́ríkà ń kùn gbogbo ara ọta abúgbàù, kó tó yí i padà sí àwọ̀ ewé. Gẹ̀ẹ́sì náà kùn tirẹ̀ ní àwọ̀ tó sún mọ́ yẹ́lò, pẹ̀lú òrùka pupa nísàlẹ̀ imú láti fi hàn pé wọ́n ti rọ nǹkan sínú rẹ̀. Ọmọ òde òní tó rí yẹ́lò tó ń dán lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àwọ̀ idẹ ńkọ́? Ẹ lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri bí ọjọ́ 15 oṣù kìíní bá ń bọ̀, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Wọ́n á ra ọ̀dà góòlù àti sílífà, wọ́n á fi kun gbogbo ohun tó bá dúró níwájú géètì. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo wọn ti wọ aṣọ òkú ọta, ààyè àti òkú.

Nítorí náà, kì í ṣe àwọ̀ tó wà lókè là ń wò. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí là ń wò. Ẹ padà sí ọta búlúù tó wà nínú àwòrán wa yẹn. Ẹ wo etí ìgbànú, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í wọ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo èjìká, níbi tó ti ń fara ha nǹkan. Tó bá jẹ́ irin lásán ló wà lábẹ́ búlúù, tàbí ọ̀dà pupa tí wọ́n ń fi dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà, búlúù lè jẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un nílé iṣẹ́. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ló yọjú, tí apá lẹ́tà yẹ́lò kan sì ń wòye lábẹ́ rẹ̀, bóyá T kan àti ìdajì N, ẹnìkan ló yí i lórúkọ padà. Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ṣọ́jà tú inú rẹ̀ dànù kí wọ́n tó kùn ún. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó kùn ún kò kọjá búrọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan wà tí kódà àwọn tó fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí máa ń gbàgbé. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára irin àti orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ kì í ṣe ẹnìkan náà ló kọ wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan ló rọ irin, òun ló tẹ 105 H M1 sára rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ṣófo. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló rọ nǹkan sínú rẹ̀, òun ló fi ọ̀dà kọ TNT, tàbí COMP B (ohun abúgbàù mìíràn), tàbí INERT. Irin ń sọ irú ara tó jẹ́. Ọ̀dà nìkan ló ń sọ ohun inú, ọ̀dà ló sì ń tètè ṣí nínú òjò àti ilẹ̀ pupa wa yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá sọ pé "mo rí nọ́mbà rẹ̀ lára irin, mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọta ìdánrawò ni wọ́n ń fi ara yẹn ṣe" kò tíì sọ nǹkan kan. Ara kan náà ni wọ́n ń fi ṣe ààyè. Àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí ẹ ń rí lára ọta Amẹ́ríkà, méjì lára 105 tàbí mẹ́rin lára 155, ìwọ̀n ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ohun inú. Lára ti Rọ́ṣíà, ИНЕРТ ni wọ́n ń kọ fún òkú, ОФ sì ni orí orúkọ ọta abúgbàù wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀rẹ́ tó kàwé ní Rọ́ṣíà, kó kọ́ lẹ́tà mẹ́wàá péré lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wúlò.

Ẹ ti rí ohun tí gbogbo àmì wọ̀nyí fi jọra. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àmì tó bá ní kí ẹ sá, ẹ gbà á gbọ́: ilà lára bàbà, òrùka pupa, TNT, ọ̀já búráùn, fíúsì tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀. Àmì tó bá ní kí ẹ fara balẹ̀, búlúù, INERT, ìkọ́ ìgbé, ọjọ́ orí, ìwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì fara balẹ̀. Àwọn àgbà máa ń béèrè pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun?

Ohun méjì péré ló lè mú ẹni tó mọṣẹ́ fọwọ́ sí i pé ọta kú. Ọ̀kan ni kí inú rẹ̀ hàn: kí wọ́n ti là á, tàbí kí ihò tí wọ́n lu sí i jẹ́ kí ènìyàn rí òdìkejì. Ọ̀pọ̀ òkú ọta Amẹ́ríkà ní ihò mẹ́rin yípo ara, èyí tí àwọn tó tú u mọ̀-ọ́n-mọ̀ lu fún ìdánimọ̀. Bí ihò bá wà àmọ́ tí ohun kan dí i, ojú kò tíì dénú. Èkejì ni ẹ́síréè tó ń gba inú irin kọjá, tí àwọn tó ń rí sí àdó olóró ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò kó lè baà dà bí ti Amẹ́ríkà. Gbígbóná bíìtì ẹ̀rọ yẹn ló ti pa púpọ̀ nínú àwọn tó rò pé ìwádìí làwọn ń ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ orí tàn yín jẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2008, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ọta ogun abẹ́lé wọn bú mọ́ ọkùnrin kan lọ́wọ́ níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń tún un ṣe, ó sì pa á. Ogun yẹn parí ní 1865. Ẹ̀tù dúdú inú ọta náà ti lé ní ogóje ọdún, ọkùnrin náà kì í sì í ṣe òpè; iṣẹ́ tó ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ẹ̀tù tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í darúgbó, ọdẹ tó bá ní ṣakabùlà nílé lè jẹ́rìí sí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń burú sí i bí wọ́n ṣe ń pẹ́: Lyddite, tí Gẹ̀ẹ́sì ń rọ sínú ọta rẹ̀ títí dé Ogun Àgbáyé Kìíní, máa ń bá bàbà tàbí òjé ṣe pọ̀, á di ìyẹ̀fun kan tí kíkàn lásán lè mú bú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ewu yìí jù, a kò sì ní fi dídùn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bàbà gbówó lórí. Ìgbànú ọta 155 kan tó láti mú kí ọmọ iṣẹ́ gbé ṣíṣẹ́ẹ̀lì àti hámà, tàbí kó pe wẹ́dà kó wá fi gáàsì yọ ọ́. Ibi tí ìgbànú wà ni ohun abúgbàù wà lẹ́yìn irin. Bó bá wọlé sí ọgbà yín nínú ẹrù irin, ẹ má já a sílẹ̀, ẹ má fi dá òṣùwọ̀n dúró, ẹ má sì gbé e padà sórí ọkọ̀ kó lè kúrò ní ọrùn yín. Ibi tó bá wà ni kó wà. Òfin ohun ìjà ilẹ̀ wa tilẹ̀ ka bọ́ǹbù àti ohun ìjà àgbá mọ́ ohun tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní, nítorí náà rírà á kì í ṣe ìṣòwò rárá.

Ẹni tó bá rí i lóko, ọ̀nà tó gbà wọlé ni kó gbà jáde. Kó so aṣọ tàbí ọ̀rá mọ́ igi níbi tó jìnnà díẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i. Kó rìn jìnnà kó tó pe fóònù. Nọ́mbà pàjáwìrì ni 112. Bó bá sún mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá, kó lọ síbẹ̀, kó sì sọ pé ẹ̀ka tó ń rí sí àdó olóró ni òun ń wá. Bí fọ́tò bá wà, èyí tó fi ẹ̀rọ fà súnmọ́ láti òkèèrè, ó dára. Bí kò bá sí, kí ó má padà lọ yà á.

Ẹ̀yin olùtọ́jú musíọ́mù, iṣẹ́ tiyín kò le, àmọ́ ó ń pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ti wà nínú ilé kí ẹ tó gba tuntun. Ọta kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀: fọ́tò ìdí, ìgbànú, èjìká àti imú, gbogbo lẹ́tà bó ṣe wà láìtún un kọ, ibi tí ọ̀dà ti ṣí àti àwọ̀ tó wà lábẹ́, ẹni tó gbé e wá àti ọjọ́ tó gbé e wá. Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti ọjọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìlà ìkẹyìn yìí, ẹ kà á sí ààyè, bó ti wù kó pẹ́ tó lórí pẹpẹ, bó sì ti wù kí àwọn ọmọ ilé ìwé ti yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí yàrá náà wà ní títì, kí ẹ ránṣẹ́ pe àwọn tó ni iṣẹ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé akọ̀wé tó mọ ìtàn ọta náà á fẹ̀yìn tì, ìwé á sọnù, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á bá irin lásán tí wọ́n fi ọ̀dà góòlù kùn. Nítorí èyí, bí àyẹ̀wò bá ti parí, ẹ tẹ nọ́mbà ìwé náà sórí páànù kékeré kan, kí ẹ fi wáyà dè é mọ́ ọta fúnra rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí gíláàsì, nítorí àpótí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀.